Àmì Funfun Tí Mo Rán

Òwú pupa ló yẹ kí n rán láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó wà nínú agolo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun àti òwú funfun, abẹ́rẹ́ sì ti wà lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ wú, irun rẹ̀ rí wúruwùru. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ má rán pupa."

"Kí ni kí n wá rán? Aláwọ̀ ewé?"

"Ẹ rán funfun. Kékeré ni. Èmi gan-an ò mọ̀ pé nǹkan ṣe mí."

"Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀? Èmi tí mo yí ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí mo di orí rẹ mú kó má baà gbá ògiri, èmi ni mo mọ̀."

Ó nawọ́ sí yàrá kejì níbi tí Màmá wa ń sùn, ó ní, "Màmá ò gbọ́. Àwa méjì nìkan ni."

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí òwú ṣe wọ ọ̀rọ̀ àìsàn, kó má baà dà bíi pé orí mi ò pé.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni àbúrò mi nígbà tí wárápá kọ́kọ́ gbé e. Rédíò là ń pè é nílé, torí pé láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò sẹ́ni tó rí i pa. Bó bá ń fọ eyín, á máa sọ̀rọ̀. Bó bá ń sùn pàápàá, á máa bá ẹnì kan jà lójú oorun. Bàbá wa ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ méjì lójú ọ̀nà kó tó wálé. Ó máa ń sọ pé ọjọ́ tí ilé bá sọ òun, òun á kàn pe Rédíò lórí fóònù, torí òun nìkan ló lè ròyìn adúgbò látìbẹ̀rẹ̀ dópin láìmí.

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ fún Màmá pé kó máa kọ gbogbo ọjọ́ tí àìsàn náà bá gbé e sílẹ̀. Ó ní ohun tí òun á máa wò kí òun tó fi kún oògùn tàbí kí òun tó dín in kù nìyẹn. Màmá ò kàwé púpọ̀. Aránṣọ ni, ìwọ̀n àyà àti ìbàdí àti gígùn apá nìkan ló ń kọ, òun nìkan ló sì lè ka ohun tó bá kọ. Nígbà tó padà lọ rí dókítà, kò mú ìwé dání. Aṣọ búlúù kan ló yọ nínú báàgì rẹ̀. Ìlà kan fún oṣù kan, àmì òwú kan fún ọjọ́ kan: funfun fún ọjọ́ tí ara dá, pupa fún ọjọ́ tí àìsàn gbé e. Dókítà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wò ó títí, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Màmá, àwọn tó ka ìwé jù yín lọ ò bá mi ṣe irú èyí rí." Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti wọlé, aṣọ ló ń kọ́kọ́ béèrè, kó tó béèrè fáìlì.

Nígbà tó yá, ojú Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ gan-an, àwa la ń bá a ki òwú sí i. Ó wá gbé aṣọ búlúù náà lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ lo ń sùn tì í," ó ní. "Ojú rẹ lojú mi." Mo ń lọ sọ́dún kẹrìndínlógún nígbà yẹn. Gbogbo òwúrọ̀, kí n tó wọ aṣọ ilé ìwé, mo máa ń rán àmì kan.

Oògùn náà ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Irọ́ tí mo pa nínú ọ̀rọ̀ yìí ti tó. Ìlà funfun wá ń gun ara wọn lọ, oṣù lórí oṣù. Ṣùgbọ́n Rédíò ń tòògbé. Á sùn sórí ìwé ní kíláàsì, á sùn sórí àwo oúnjẹ. Èrìgì rẹ̀ wú bo eyín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bo ẹnu bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó tún kíláàsì kan ṣe, àwọn àbúrò àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá di ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń pè é ní Olóorun. Ọmọ tí a ò rí pa tẹ́lẹ̀ wá ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí kò ní rántí bó ṣe fẹ́ parí rẹ̀.

Màmá ò lè fara dà á mọ́. Ó bẹ dókítà bóyá wọ́n lè dín oògùn náà kù.

"Ẹ jẹ́ kó pé ọdún méjì gbáko láìsí pupa kankan," ni dókítà wí. "Bó bá pé, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí pupa kan bá wọ̀ ọ́, a ò ní dá a láṣà."

Bàbá ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. "Ohun tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀," ó ní. "Ọkọ̀ tó ń gbé mi débi tí mò ń lọ, èmi kì í tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò."

"Ọmọ mi kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, Bàbá wọn," ni Màmá dá a lóhùn. "Ẹ kì í sí nílé. Ẹ ò rí bó ṣe ń fi orí gbá tábìlì bó bá ń kàwé."

"Mo rí i nígbà tó ń ṣubú. Ìyẹn tó mi í rí."

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ oṣù, lójúkojú àti lórí fóònù. Nígbà tó sú Bàbá, ó ní, "Ó dáa. Aṣọ yẹn ni kó dájọ́."

Òwúrọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí bọ́ sínú oṣù ogún. Oṣù mẹ́rin péré ló kù kó pé ọdún méjì, Rédíò sì ń kà á. Ọmọ ọdún méjìlá tó mọ iye ọjọ́ tó kù kí wọ́n tó dín oògùn òun kù! Ó di ọwọ́ mi tó mú abẹ́rẹ́ mú.

"Bí ẹ bá rán pupa, wọn ò ní dín in kù mọ́ láé. Màá máa sùn títí màá fi dàgbà. Ẹ̀yin náà ẹ ò ní lè lọ."

Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn ló wọ̀ mí lára. Ilé ìwé wa ti ṣètò pé kí àwa tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá máa gbé nínú ọgbà ilé ìwé fún oṣù méjì tó ṣáájú rẹ̀, kí àwọn olùkọ́ lè kọ́ wa dáadáa. Màmá ti ní kò ṣeé ṣe, ta ni yóò máa sùn ti Rédíò? Àfi bí wọ́n bá ti ń dín oògùn rẹ̀ kù, tí ara rẹ̀ sì dá. Nítorí náà, bí mo bá sọ fún un yín pé àánú àbúrò mi ló mú mi, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Àánú ara mi wà níbẹ̀, ó sì pọ̀ ju èkejì lọ.

Mo ki òwú funfun sójú abẹ́rẹ́. Mo rán an, mo sì so ó.

Irọ́ kan kì í dá rìn. Rédíò ti tọ̀ sí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí àìsàn náà gbé e, mo ní láti fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì kí Màmá tó jí. Mo ń sá a lọ́wọ́ nígbà tó yọ sí mi.

"Ta ló ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́rú?"

"Omi ló dà sí i, Màmá."

"Omi wo?"

"Omi mímu. Èmi ni mo dà á nù."

"Ìwọ náà àti ọwọ́ rẹ tó ń jábọ́ yìí," ó ní, ó sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà níwájú ilé. Ó gbà mí gbọ́. Inú mi ì bá dùn sí i ká ní kò gbà mí gbọ́.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì wáyé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nígbà yẹn, Rédíò ò bẹ̀ mí mọ́. Ó kàn wò mí, mo sì mú òwú funfun. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò tiẹ̀ wò mí.

Ọjọ́ tí ọdún méjì pé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sílé ìwòsàn. Dókítà tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè délẹ̀, ó ń mi orí. Ó gbójú sókè, ó sì wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ìwọ lo ń sùn tì í. Kò sí nǹkan kan? Kódà ìgbọ̀nrìrì díẹ̀ láàárọ̀?"

Ìbéèrè náà ṣe kedere. Ó tilẹ̀ sọ àárọ̀ mọ́ ọn. Màmá ń wò mí, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Rédíò ń wo bàtà rẹ̀.

"Kò sí, sà," ni mo wí.

Ìdá kan nínú mẹ́rin oògùn náà ni wọ́n yọ lóṣù yẹn, wọ́n tún yọ díẹ̀ síi lóṣù kejì. Bàbá tú ìmí sórí fóònù. "Aṣọ ti dájọ́," ó ní. "Kí ló tún kù fún mi láti sọ?"

Mi ò lè gbàgbé ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó tẹ̀ lé e. Bí ẹni pé ẹnì kan ṣí fèrèsé fún àbúrò mi ni. Ó jí. Ó ń sọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé ìwé, ó ń sọ̀rọ̀ bọ̀. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Màmá, ó ń bá àwọn oníbàárà jiyàn nípa aṣọ tó bá wọn lára mu. Ó sọ fún obìnrin kan pé bó bá rán aṣọ tó fún tó yẹn, àfi kó máa fi ìdúró jẹun. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n bá òun fi àyè sí i. Rédíò ṣe ipò kẹta ní kíláàsì. Màmá gbé ìwé èsì náà kiri, ó ń fi han ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè.

Mo wá sọ fún ara mi pé mo ṣe é dáadáa. Mo di ẹrù mi, mo lọ máa gbé nílé ìwé.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ tí mo débẹ̀ ni wọ́n pè mí jáde nínú kíláàsì. Fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà, Màmá ló wà lórí rẹ̀, mi ò sì tètè dá ohùn rẹ̀ mọ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí, bí Màmá ṣe sọ ọ́ fún mi. Ó jí ní kùtùkùtù láti parí aṣọ oníbàárà kan. Ó ti ń rán an tipẹ́, máṣíìnì ń dún, kó tó lọ jí Rédíò fún ilé ìwé. Ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ètè rẹ̀ ti dúdú. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sùn tì í. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: Màmá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó nu ẹnu rẹ̀, ó gbé e pọ̀n bó ti tóbi tó, ó sáré bọ́ síta láìwọ bàtà títí ọlọ́kọ̀ kan fi dúró gbé wọn. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, ó ṣì ń gbọ̀n. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n tún fún un ní òmíràn, kó tó dáwọ́ dúró.

Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, omi ń kán sí i lára. Ó sùn. Màmá jókòó sí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mú lábẹ́ aṣọ ìbora. Kò sunkún. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀.

Bàbá dé lọ́jọ́ kejì, tòun ti eruku ọ̀nà lára. Ó dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, Màmá ló yíjú sí.

"Mo sọ fún ọ. Mo ní kí ẹ fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ gba oògùn lẹ́nu ọmọ."

Màmá kàn ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ Rédíò. Èmi dúró sí ibi ògiri, mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, mi ò sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní bí Rédíò bá jí, màá sọ ọ́. Mo jẹ́ kí ìyá mi gba ẹ̀bi tèmi sórí fún odidi ọjọ́ kan, mo sì ń wò ó.

Lọ́jọ́ kẹta, dókítà pè wá sínú yàrá rẹ̀. Aṣọ búlúù náà wà níwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ fi hàn pé kò sùn.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi," ó ní. "Ọmọ tó lo ọdún méjì láìsí àmì pupa kan, oògùn tó ṣẹ́ kù fún un yẹ kó lè gbé e dúró. Bí irú rẹ̀ bá wá ṣubú báyìí, a jẹ́ pé nǹkan tuntun ti dé sínú ọpọlọ rẹ̀, tí oògùn àtijọ́ ò mọ̀. Mo fẹ́ kí a pa èyí tó ń lò tì pátápátá, ká bọ́ sórí òmíràn. Ó lágbára. Ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, mi ò ní tàn yín. Ká ní mo rí ọ̀nà míì ni, mi ò ní dábàá rẹ̀ fún ọmọdé."

Ó ti bébà kan sọ́dọ̀ Bàbá. Bàbá wo Màmá. Màmá ní, "Èmi ò mọ ohun tí mo lè sọ mọ́. Èyí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo ibi tó gbé wa dé." Bàbá mú bírò.

"Ẹ má tíì fọwọ́ sí i!"

Èmi ni mo pariwo bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn yíjú.

"Pupa wà níbẹ̀," ni mo wí. "Mẹ́ta ni. Èmi ni mo fi funfun rán an."

Mo súnmọ́ tábìlì, mo sì fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pọn dandan kí n kà á kí n tó rí wọn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tó ọdún kan, ibi tó sì bá mi nìyẹn, níwájú ìyá mi àti bàbá mi.

Dókítà ló kọ́kọ́ rí ohùn. Ó bi mí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó, ọwọ́ wo ló kọ́kọ́ gbọ̀n, ṣé ojú rẹ̀ yí sókè, àkókò wo ni. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa bébà tó wà níwájú Bàbá padà, ó ya á.

"Kò sí nǹkan tuntun kankan nínú ọpọlọ rẹ̀," ó ní. "Àìsàn àtijọ́ náà ni, kò tíì lọ. Ṣe ló yẹ ká fi díẹ̀ kún oògùn nígbà yẹn. Àwa wá dín in kù."

Ó ní "àwa". Oore ló ṣe mí, mi ò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Bàbá dìde, ó wò mí. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Mo ń retí rẹ̀. "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ó ní. "Ìwọ ni àgbà tó wà lọ́jà." Ó lọ síbi tí Màmá jókòó sí, ó lóṣòó níwájú rẹ̀, bó ti ga tó.

"Ìyá wọn, má bínú."

"Ẹ dìde, Bàbá wọn," ni Màmá wí. "Ilẹ̀ tutù."

Lọ́jọ́ kẹrin, Rédíò la ojú. A yọ̀, a dúpẹ́. Àwọn ará àdúgbò tó wá kí wa ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì gbé ife omi wá, ó ní, "Kí nìyí?" Rédíò wo ife náà, ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á. Kò rí orúkọ rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ tó ti bá gbogbo oníbàárà jiyàn, kò rí "ife" pè. Ibẹ̀ ni mo ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì sunkún títí ọ̀fun fi dùn mí.

Màmá ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ń bu oúnjẹ fún mi, ó ń ká aṣọ mi, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Mo ti pàdánù ìwé méjì àkọ́kọ́ nínú ìdánwò náà, mi ò sì padà lọ ṣe ìyókù. Ọdún kejì ni mo tó ṣe é. Lọ́jọ́ kẹwàá, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Màmá, ẹ nà mí."

"Bí mo bá nà ọ́, ṣé á mú ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu?" Ó gbé aṣọ tó ń pa létí sílẹ̀. "Mi ò mọ̀wé. Mi ò ríran dáadáa. Ìwọ ni mo fi ṣe ojú. Dókítà gbà mí gbọ́, bàbá rẹ gbà mí gbọ́, torí pé mo gbà ọ́ gbọ́. Mo ń bẹ wọn kí wọ́n gba oògùn lọ́wọ́ ọmọ mi, mo ń fi èsì rẹ̀ yangàn kiri, ìwọ sì mọ̀." Nígbà náà ló tó sunkún. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kò tì mí kúrò.

Ó ti ju ọdún kan lọ báyìí. Rédíò ti padà sílé ìwé, kíláàsì tó rẹlẹ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá ni wọ́n fi í sí. Ọ̀rọ̀ ń padà bọ̀, díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní gbígbọ̀n tó pẹ́ jù lọ́jọ́ yẹn ló pa ọpọlọ rẹ̀ lára, a ò sì lè mọ bí ọ̀rọ̀ tó máa padà yóò ṣe pọ̀ tó. Oògùn méjì ló ń lò báyìí.

Lóṣù tó kọjá, a jókòó sórí bẹ́ńṣì nílé ìwòsàn, à ń retí kí wọ́n pè wá. Rédíò fọwọ́ kàn mí.

"Àǹtí. Kí ló dé... tí wọ́n fi dín... oògùn mi kù nígbà yẹn?"

Kò rántí. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó ṣáájú ọjọ́ yẹn ti parẹ́ fún un, títí kan ẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀ mí. Màmá wò mí. Ó rọrùn fún mi láti sọ pé òun ló ní kí n ṣe é. Ó tún rọrùn láti yọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí n má baà dá a lóró. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí.

"Mo... bẹ̀ yín?"

"O bẹ̀ mí. Ọmọ ọdún méjìlá ni ọ́, oorun ti sú ọ. Èmi ni mo dàgbà tó láti kọ̀. Mi ò kọ̀. Èmi náà ní ohun tí mò ń wá."

Ó ronú. A ti mọ̀ báyìí pé a kì í bá a parí ọ̀rọ̀, ṣe là ń dúró dè é.

"Bí mo bá tún bẹ̀ yín," ó ní, "ẹ má... ẹ má dá mi lóhùn."

Nọ́ọ̀sì pè wá wọlé. Dókítà béèrè bó ṣe ń ṣe é sí. Kí n tó la ẹnu, Rédíò ti nawọ́ sókè bí ẹni tó wà ní kíláàsì.

"Ẹ̀ẹ̀mejì," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé mi... lóṣù yìí."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Rédíò mọ ohun tó ń bọ̀ dáadáa. Ó mọ̀ pé wọ́n á fi kún oògùn, pé oorun á tún padà, pé wọn á tún máa pè é ní Olóorun. Wọ́n fi kún un lóòótọ́. Ó gba bébà oògùn náà lọ́wọ́ dókítà, ó ká a, ó fi í fún Màmá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, mi ò ní ọgbọ́n kankan tí màá kọ́ yín ju èyí lọ. Àìsàn tí a bá fi pamọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, àìsàn náà nìkan là ń ṣe lóore. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ràn bá sì bẹ̀ yín pẹ̀lú omijé pé kí ẹ bá òun bò ó mọ́lẹ̀, ẹ fẹ́ràn rẹ̀ débi tí ẹ ó fi kọ̀. Ẹ jẹ́ kó bínú sí yín. Àbúrò mi ì bá bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ kan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ì bá sì fi gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ bú mi.